ỌJỌ́ 180 KÌ Í ṢE OṢÙ MẸ́FÀ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ là yé yín yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹni tó yáwó àti onídùúró rẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó bá sọ pé ọjọ́ 180, ẹ má kàn fi 30 pín in kí ẹ ní oṣù mẹ́fà ni.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ẹni tó gba owó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, oṣù mẹ́fà tirẹ̀ pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 180 ti pé láti ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ! Bó bá wá gbé owó dé tayọ̀tayọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, ó ti fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́. Owó ìtanràn dé nìyẹn, onídùúró á sì gbọ́ tirẹ̀. Ohun tó fà á ni pé oṣù ọlọ́jọ́ 31 mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkeje àti ìkẹjọ. Ẹni tó bá gbà á ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ńkọ́? Ọjọ́ 28 oṣù kejì ni tirẹ̀ máa pé, ọjọ́ kan péré ló sì máa fi dín sí oṣù mẹ́fà, àfi lọ́dún tí oṣù kejì bá ní ọjọ́ 29.

Ọjọ́ wo wá ni ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Àwa Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́jọ òní tí à ń wí, ọjọ́ méje ló kù kó pé. Ìtàdógún náà, 17 ni orúkọ rẹ̀, 16 ló wà níbẹ̀. Ìyẹn dára fún ọjà àti ìpàdé. Ti ìwé àdéhùn kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1964 tí wọ́n ń pè ní Interpretation Act kò ka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ mọ́ ọn, oṣù inú kàlẹ́ńdà ló sì ń pè ní oṣù. Nítorí náà, ẹni tó gba owó lọ́jọ́ kìíní, ọjọ́ kejì ni yóò kà sí ọ̀kan.

Ti èlé tún wà ńbẹ̀. Ká ní ẹnì kan yá ₦60,000, tí èlé jẹ́ ₦600 lóṣù. Ọdún kan jẹ́ ₦7,200. Ṣùgbọ́n bí akápò bá fi 30 pín ọjọ́ 365, oṣù 12 àti ọjọ́ márùn-ún ni yóò rí, yóò sì gba ₦7,300. Níbo ni ₦100 yẹn ti wá? Ẹni tó bá fẹ́ fojú bù ú, kó fi 30.4 pín in, nítorí 365 tí a pín sí 12 ló fún wa ní iye yẹn.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí owó máa pé gan-an síbẹ̀, kí onídùúró náà kà á. Kàlẹ́ńdà wà lára ògiri ọ́fíìsì fún ẹni tí kò bá ní.