Ọtí Tí Ó Kan àti Àgbá Tí Ó Sùn Sí

Ní Djaloukou, ní agbègbè Savalou, bí oníbàárà bá jókòó sí abẹ́ àtíbàbà ìyá ọlọ́tí, igbá kékeré ni ìyá náà máa ń kọ́kọ́ gbé fún un. Igbá ìtọ́wò ni. A kì í gba owó rẹ̀. Oníbàárà yóò wo ọtí náà, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò fi ètè kàn án, yóò sì dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ bóyá òun yóò rà á, tàbí òun yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọkà bàbà ni a fi ń pọn ọtí yìí. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀: ṣapalo (tchakpalo), tí ó dùn, àti ṣukutu (tchoukoutou), tí ó kan. Fún ṣukutu, a ó rẹ ọkà sínú omi, a ó bò ó kí ó lè hù, a ó sá a sí oòrùn, a ó sì lọ̀ ọ́. A ó pò ó mọ́ omi, a ó gbé e kaná, a ó sì fi í sílẹ̀ mọ́jú kí ó lè kan. Nígbà tí a bá ti tún un sè tí ó sì tutù, a ó fi ìwúkàrà tí a yọ láti inú ọtí ìṣáájú sí i. Ní ọjọ́ kejì, ó ti ń hó.

Kíkan kò túmọ̀ sí pé ọtí ti bàjẹ́. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n ń mú un kan, irú àwọn tí ń mú omidùn ògì àti wàrà kan. Kíkan wọn tutù lẹ́nu, ó sì ń pa òùngbẹ. Ṣùgbọ́n bí ọtí bá pẹ́ jù nínú afẹ́fẹ́, kòkòrò mìíràn a wọ inú rẹ̀, a sì sọ ọ́ di irú ọtí kíkan tí a ń dà sórí sàláàdì. Èyí a máa ta sí imú, a sì máa jó ọ̀fun. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbóòórùn ọtí kí a tó mu ún.

Ní ìlú Roeselare, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ilé-iṣẹ́ Rodenbach ti ń pọn ọtí láti ọdún 1821. Wọ́n máa ń jẹ́ kí apá kan ọtí wọn sùn fún nǹkan bí ọdún 2 nínú àgbá ńláńlá tí a fi igi óákù kàn. Igi náà máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ wọlé, àwọn kòkòrò tí ń mú ọtí kan sì ń gbé inú rẹ̀. Bí ọtí náà bá jáde, ó ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ẹran, ó kan, ó sì mú òórùn igi àti ti èso lọ́wọ́. Wọ́n a pò ó mọ́ ọtí tuntun kí kíkan rẹ̀ lè mọ níwọ̀n. Ṣukutu kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, a gbọ́dọ̀ mu ún tán. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì kọ́ wa: ohun tí ọtí bá sùn sí ni ó ń gbà sára.

Ìkòkò amọ̀ tí a fọ̀ dáadáa kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ewu wà níbòmíràn. Ohun tí ó bá kan a máa jẹ irin. Nítorí náà, korobá onírin tí a fi sínkì bò kò yẹ fún ọtí. Èyí tí ó burú jù ni bídọ̀nù oògùn òwú. Ike a máa fa oògùn mọ́ra, bí a tilẹ̀ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, oògùn lè kù síbẹ̀. Ahọ́n lè má mọ̀ ọ́n, nítorí kíkan ọtí lè bo adùn májèlé. Ní ọdún 1999, ní Borgou, oògùn òwú tí à ń pè ní endosulfan pa ó kéré tán ènìyàn 37; àwọn kan nínú wọn jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ.

Nítorí náà, ìtọ́wò kò bẹ̀rẹ̀ láti inú igbá. Láti ọjà tí a ti ń ra àgbá ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ̀wé kà lè ka ohun tí a kọ sí ara rẹ̀. Bí ó bá rí àwòrán agbárí àti egungun méjì, tàbí orúkọ oògùn, kí ó fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti ha ìwé ara àgbá náà kúrò, tí ẹni tí ń tà á kò lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rí, kí ó má rà á. Ìyá ọlọ́tí tí ó bá ṣe èyí lè gbé igbá ìtọ́wò fún oníbàárà rẹ̀ láìfòyà.