Bí Bàálù Kò Bá Gbéra Lásìkò

Láti ìparí oṣù Belú títí wọ inú Èrèlé, ọyẹ́ máa ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa. Òòrùn á ràn bàìbàì bí òṣùpá, ètè á gbẹ, awakọ̀ òfurufú kò sì ní rí ojú ọ̀nà tí bàálù yóò bà sí dáadáa. Ìgbà yìí kan náà ni àwọn ènìyàn wa máa ń ti Àbújá, Kánò àti Lọ́ńdọ̀nù wálé ọdún. Ìdí nìyí tí a fi ya ojú-ewé yìí sọ́tọ̀, kí ẹni tó bá há sí pápákọ̀ òfurufú lè mọ ohun tó tọ́ sí i àti wákàtí tó yẹ kó béèrè rẹ̀.

Ọyẹ́ nìkan kọ́ ló ń dá èrò dúró. Bàálù kan náà ló máa ń ti Èkó lọ sí Àbújá láàárọ̀, tí yóò padà wá, tí yóò tún kọrí sí Pọtakọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá pẹ́ wákàtí kan láàárọ̀, gbogbo èrò tó kù lọ́jọ́ náà ni yóò jẹ nínú ìyà rẹ̀. Àwọn pápákọ̀ kan sì wà tí kì í ṣiṣẹ́ lálẹ́, èyí ni wọ́n fi sábà máa ń fagi lé ìrìn-àjò ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ń lọ síbi tí ẹ kò gbọdọ̀ pẹ́ dé, bàálù àkọ́kọ́ òwúrọ̀ ni kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bó tiẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Ní Nàìjíríà, Apá 19 nínú ìlànà ìrìnnà òfurufú ti ọdún 2023 ló sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ èrò, àjọ NCAA, tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú nílẹ̀ wa, ló sì ń mójú tó o. Ẹ jẹ́ ká fi aago kà á. Ká ní aago méje àárọ̀ ló yẹ kí bàálù abẹ́lé yín gbéra ní Ìkẹjà. Bó bá fi máa di aago méje àbọ̀, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti sọ ohun tó fà á fún yín. Ní aago mẹ́jọ, omi, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ìpanu tọ́ sí yín, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ pe ẹnì kan tàbí kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní aago mẹ́sàn-án, ẹ lè sọ pé ẹ kò lọ mọ́, kí wọ́n dá gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì yín padà. Bí ìdádúró bá wọ àárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí, tàbí tí pápákọ̀ bá ti tì, òtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ àti ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ di ẹrù wọn.

Wákàtí kejì yẹn, ìyẹn aago mẹ́sàn-án, ló ká mi lára jù. Mo jókòó ti ìyá àgbà kan rí nínú irú ìdádúró bẹ́ẹ̀, tó ń lọ sí Ìlọrin. Àbúrò rẹ̀ ló kú mọ́jú, òkú Mùsùlùmí kì í sì í pẹ́ nílẹ̀. Aago méje la retí, àmọ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la tó gbéra. Ká ní ẹnì kan sọ fún un láago mẹ́sàn-án pé ó lè gba owó rẹ̀ kó bọ́ sí mọ́tò, ì bá bá wọn níbi ìrun òkú. Èmi náà kò mọ̀ nígbà náà. Nígbà tí a fi máa débẹ̀, wọ́n ti bo ilẹ̀.

Tí wọ́n bá fagi lé ìrìn-àjò pátápátá, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi tó yín létí ní wákàtí 24 ṣáájú fún ìrìn-àjò abẹ́lé, àti ọjọ́ 7 ṣáájú fún ti òkè òkun. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó gbà-má-bìínú wọlé: ó kéré tán, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì fún ti abẹ́lé, ìdá 30 fún ti òkè òkun. Èyí kò pa owó tíkẹ́ẹ̀tì yín tàbí ìjókòó nínú bàálù mìíràn lára. Wọ́n lè bọ́ nínú gbèsè yìí bí ohun tó fà á bá ju agbára wọn lọ, bí ọyẹ́ tàbí ìjì, ṣùgbọ́n àwọn ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ẹni tó san owó lọ́wọ́ yóò gbà á padà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó fi káàdì san án, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gba ìwé tí ẹ ó fi wọkọ̀ lọ́jọ́ mìíràn dípò owó, kò di dandan kí ẹ gbà á.

Ẹni tó bá ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ wá sí Èkó wà lábẹ́ òfin Bìrìtìkó, ilé-iṣẹ́ yòówù kó gbé e. Bó bá fi wákàtí 3 pẹ́ dé, tó sì jẹ́ pé ẹ̀bi ilé-iṣẹ́ ni, pọ́ùn 260 ni gbà-má-bìínú rẹ̀. Bó bá tó wákàtí 4, pọ́ùn 520. Ilé-ẹjọ́ Yúróòpù ti sọ ọ́ ní 2014 pé ìgbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn bàálù ni a ń kà sí àkókò ìgúnlẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí táyà kan ilẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé-ẹjọ́ ní Ìlú Ọba dájọ́ pé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ lásán kì í ṣe àwáwí. Láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, bàálù Bìrìtìkó tàbí ti Yúróòpù nìkan ni òfin yìí dè. Bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, òfin tiwa la ó lò. Ní Amẹ́ríkà, bí ìdádúró bá tó wákàtí 3 lábẹ́lé tàbí 6 láti òkè òkun, tí ẹ kò sì lọ mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ dá owó yín padà. Òfin wọn kò sọ gbà-má-bìínú di dandan fún ìdádúró.

Ẹ ya fọ́tò pátákó tó ń fi àkókò hàn, kí aago hàn nínú rẹ̀. Ẹ pa boarding pass àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín mọ́. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ wá àwọn òṣìṣẹ́ NCAA tó ń rí sí ẹ̀tọ́ èrò nínú pápákọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ tó jókòó sí káńtà kọ́ ló ni bàálù, ẹ má nà án.

Ohun kan kù. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì Àbújá sí Èkó lọ́tọ̀, tó tún ra ti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí ó mọ̀ pé bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, ti ìkejì kò ní dúró dè é, wọn kò sì jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Ẹ fi òru kan sáàárín méjèèjì.