ṢẸ́Ẹ̀TÌ IṢẸ́ TÍ KÌ Í RÚN: KÍ Á TÓ TÚN FI OWÓ ẸGBẸ́ RÀ Á

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn oṣù yìí kì í ṣe ti èlé, kì í sì í ṣe ti ẹ̀yáwó, ṣùgbọ́n ó kan àpò gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ni.

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ẹgbẹ́ ra ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn lọ́wọ́ oníṣòwò kan, a pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́, a ní kí wọ́n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá. Oníṣòwò náà fọwọ́ sọ̀yà fún wa pé ṣẹ́ẹ̀tì náà kì í rún, pé ẹni tó bá rà á ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà áyọ́ọ̀nù. Òótọ́ ló sọ, kò rún. Ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́fà tó pé, kọ́là ti ń já, etí ọwọ́ rẹ̀ ti ń tú, òmíràn tilẹ̀ ya ní ìgúnpá. Odindi oṣù mẹ́rin ni àwọn ènìyàn wa tún ní láti fi san gbèsè aṣọ tó ti di àkísà. Ẹ bínú sí wa, ẹ sì jàre. Àwa ìgbìmọ̀ ni a kò wádìí kí a tó nawó.

Ní báyìí, àwọn kan tún ti ń béèrè pé ìgbà wo ni ẹgbẹ́ yóò kó ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn wá. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ìdí nìyí tí a fi kọ́kọ́ lọ bá àwọn aránṣọ àti alágbàfọ̀ sọ̀rọ̀, tí a sì ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa aṣọ híhun. Ohun tí a rí kọ́ la fẹ́ là yé yín yìí.

KÍ LÓ Ń MÚ AṢỌ RÚN?

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ènìyàn fẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì tí kì í rún. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òṣìṣẹ́ jí ní ìdájí, kò sí iná, áyọ́ọ̀nù eléèédú ń da eérú sára aṣọ funfun, ọkọ̀ kò sì dúró de ẹnì kan. Ta ni kò ní fẹ́ aṣọ tí a kàn ń sá, tí a ń wọ̀?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ìdí tí aṣọ òwú fi ń rún. Inú fọ́nrán òwú kọ̀ọ̀kan, àwọn okùn tín-tìn-tín wà níbẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n di ara wọn mú, ṣùgbọ́n ìdìmú náà kò le púpọ̀. Bí omi, òógùn tàbí ooru bá kàn wọ́n, ọwọ́ wọn á tú. Bí ẹ bá wá jókòó lé aṣọ náà nínú ọkọ̀, wọ́n á yẹ̀ kúrò ní ipò wọn. Bó bá gbẹ, wọ́n á tún di ara wọn mú níbi tuntun tí wọ́n yẹ̀ sí. Aṣọ rún nìyẹn. Iṣẹ́ kan náà ni áyọ́ọ̀nù ń ṣe, àfi pé òun ń ṣe é sí rere: omi tí ẹ wọ́n àti ooru ń tú wọn, áyọ́ọ̀nù ń tẹ́ wọn, wọ́n sì ń gbẹ bí ẹ ṣe tẹ́ wọn.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ayé fi dá èyí lẹ́kun.

Ọ̀nà kìíní ni pọliẹ́sítà, tí a kì í gbìn lóko bí òwú. Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Whinfield àti Dickson, ni wọ́n rí i ṣe ní ọdún 1941, òun ni wọ́n sì pè ní Terylene. Ẹ̀yin àgbà inú wa yóò rántí ṣòkòtò Terylene tí ìlà rẹ̀ máa ń mú bí abẹ. Pọliẹ́sítà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi rárá, ìdí nìyẹn tí kì í fi í rún. Ó tún lágbára, kì í tètè ya. Ṣùgbọ́n àìmomi yìí náà ni àléébù rẹ̀. Òwú lè fa ọ̀rinrin bí ìdá 7 tàbí 8 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Ti pọliẹ́sítà kò tó 1. Nínú oòrùn ilẹ̀ wa yìí, òógùn yóò wà lára yín, aṣọ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, òórùn á sì tẹ̀lé e.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a fi oògùn sí òwú fúnra rẹ̀. Obìnrin onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, Ruth Benerito, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní ìlú New Orleans, wà lára àwọn tí wọ́n mú iṣẹ́ yìí gòkè láti àwọn ọdún 1950. Nígbà náà, aṣọ tí kì í ṣe ti òwú ti ń gba ọjà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ olówùú. Ìyá yìí kú ní ọdún 2013. Oògùn náà ń so àwọn okùn tín-tìn-tín wọ̀nyẹn mọ́ ara wọn, bí ìgbà tí a fi igi dábùú àkàsọ̀. Wọn kò lè yẹ̀ mọ́, aṣọ kò sì lè rún.

Ẹ gbọ́ o, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Igi tó ń tẹ̀ nínú ìjì kì í tètè dá. Èyí tó le gbandi ni ìjì ń ṣẹ́. Òwú tí a so pọ̀ báyìí kò lè tẹ̀ mọ́ nígbà tí a bá fà á tàbí tí ó bá ń ha nǹkan, nítorí náà ṣe ni yóò já. Agbára rẹ̀ lè dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, nígbà mìíràn ó lè tó ìdajì. Ohun tí kò jẹ́ kí ó rún náà ni kò jẹ́ kí ó pẹ́. Ohun tó ṣe ṣẹ́ẹ̀tì wa ti ọdún tó kọjá nìyẹn: òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n rẹ sínú oògùn.

ÈWO NI KÍ Á WÁ RÀ?

Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ èrò, tó ń dúró kọ́ ọmọ ní kíláàsì láti òwúrọ̀, tàbí tó ń rìn káàkiri nínú oòrùn, kí ó wá èyí tí òwú pọ̀ jù nínú rẹ̀: bí òwú 60 àti pọliẹ́sítà 40 nínú 100. Yóò rún díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rún kọjá ààlà, yóò sì pẹ́. Ẹni tó bá ń jókòó sínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù wà lè ra èyí tí pọliẹ́sítà jẹ́ 65. Ṣẹ́ẹ̀tì òwú pátápátá tí wọ́n kọ "Non-iron" sí, ẹni tó ń rìnrìn àjò tàbí tó ń lọ sí ìpàdé pàtàkì ló dára fún. Kí ó má fi ṣe aṣọ ojoojúmọ́.

Bí ẹ bá dé ọjà, yálà ṣọ́ọ̀bù ni o tàbí ìdí òkìríkà, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí:

Èkíní, ẹ ka ìwé pélébé tí wọ́n rán mọ́ inú ọrùn tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí "100% cotton" bá wà níbẹ̀, tí "Wrinkle-free" sì wà pẹ̀lú rẹ̀, oògùn ni.

Èkejì, ẹ fún ọwọ́ aṣọ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ẹ ka ení, èjì títí dé 30, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ ó rí bó ṣe rún tó. Ṣùgbọ́n ẹ tún fi ìka ra á dáadáa, nítorí àwọn kan ń fi sítáàṣì tan ènìyàn. Bí ó bá ń yọ ìyẹ̀fun, ẹ sá.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń rí ọwọ́ yín kedere láti òdìkejì, ó ti fẹ́lẹ́ jù fún iṣẹ́. Aṣọ tí híhun rẹ̀ dà ní ìlà dágun-dágun kì í tètè rún bí èyí tí híhun rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ka iye ibi tí abẹ́rẹ́ gún láàárín íǹṣì kan. Bí kò bá tó 10, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá tó 14 sókè, iṣẹ́ gidi ni.

Ẹ̀karùn-ún, kọ́là. Ibẹ̀ ni irùngbọ̀n àti òógùn ń bá jà, ibẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ já. Ẹ rí i pé ìka méjì lè wọ àárín ọrùn yín àti kọ́là, nítorí òwú ń súnkì. Bí èyí tí ẹ ní nílé bá ti já, ẹ má sọ ọ́ nù: aránṣọ lè tú kọ́là náà, kí ó yí i padà kí ojú rẹ̀ tó ti gbó wà lábẹ́. Àwọn bàbá wa ń ṣe é, owó tíntín ni.

OWÓ RẸ̀ ŃKỌ́?

Ẹ má ka iye tí ẹ rà á nìkan. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ wọ̀ ọ́. Ká ní ṣẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ₦6,000, tó sì ya lẹ́yìn ìgbà 40 tí ẹ wọ̀ ọ́: ₦150 ni ẹ san lójúmọ́. Ká ní èkejì jẹ́ ₦12,000, tí ẹ sì wọ̀ ọ́ nígbà 120 kí ó tó gbó: ₦100 péré ni. Èyí tí a rò pé ó wọ́n ló pọ̀ lówó ẹni.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun kí ẹ tó wọ̀ ọ́ rárá, nítorí nínú ọ̀pọ̀ oògùn aṣọ yìí, formaldehyde wà níbẹ̀, ó sì lè mú kí ara ẹlòmíràn máa yún un. Ẹ má fi bílíìṣì oníkílórínì, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní jíìkì, fọ aṣọ tí wọ́n ti fi oògùn sí. Ó lè sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú, kí ó sì jẹ òwú rẹ̀. Ẹ má fún un bí ẹni fún èkísà ilẹ̀: ẹ fi kọ́ háńgà pẹ̀lú omi lára, kí omi náà fà á nà. Bí ẹ bá sì máa lọ èyí tó ní pọliẹ́sítà, kí áyọ́ọ̀nù má gbóná jù. Áyọ́ọ̀nù eléèédú kò ṣeé dín kù, nítorí náà ẹ fi aṣọ tútù díẹ̀ sáàárín, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò máa dán tàbí kí ó yọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má wọ ẹyọ kan ní ọjọ́ méjì tẹ̀léra.

OHUN TÍ ÌGBÌMỌ̀ PINNU

Láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ṣẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́, ẹyọ kan la ó kọ́kọ́ rà. Alágbàfọ̀ yóò fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́wàá, a ó sì gbé e wá sí ìpàdé kí gbogbo yín fojú rí i, kí ẹ fọwọ́ fà á, kí a tó sọ pé a ó rà á. A kò sì ní fi sísan owó aṣọ kọjá oṣù mẹ́rin mọ́, kí gbèsè má baà pẹ́ ju aṣọ lọ. Ní ti àwọn tí kò tíì san owó ti ọdún tó kọjá tán, a ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìpàdé gbogboògbò tó ń bọ̀. Ẹ mú ṣẹ́ẹ̀tì náà dání, bó ti wù kí ó ya tó.

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi owó oṣù rẹ̀ san gbèsè àkísà, ìyà méjì ló ń jẹ ẹ́, a kò sì ní jẹ́ kí irú rẹ̀ tún ti ọwọ́ wa wá. Ó dìgbà ìpàdé o.