Texas Kì í Yọ Owó Oṣù: Ta Ló Wá Ń Sanwó Ìjọba?

Bí ẹnìkan bá fẹ́ kó wá sí Dallas láti New York tàbí Chicago, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ sọ fún un ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ níbí kì í yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù. Òótọ́ ni. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ń yọ tirẹ̀. Ní 2019 pàápàá, àwọn olùdìbò fi í sínú òfin ìpínlẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ gbà á.

Ṣùgbọ́n ìjọba kì í jẹ afẹ́fẹ́. Látìgbà tí epo ti tú jáde ní Spindletop ní 1901 ni Texas ti ń jẹun lórí epo, àmọ́ owó orí ọjà ló ń wọlé jù fún ìpínlẹ̀. Bí a bá ra aṣọ dọ́là 100 ní Dallas, a ó fi dọ́là 8 àti sẹ́ǹtì 25 lé e. Iṣu àti ìrẹsì tí à ń rà lọ sílé bọ́ nínú rẹ̀, a dúpẹ́.

Ẹrù tó wúwo jù ni owó orí ilé. Gómìnà kọ́ ló ń gbà á o; ilé-ìwé, ìlú, káúntì àti ọsibítù ìjọba ló ń pín in, ilé-ìwé ló sì ń mú èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí homestead exemption. Ní November 2025, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ dọ́là 140,000 kúrò nínú iye ilé kí wọ́n tó ṣírò owó ilé-ìwé. Bàbá tàbí ìyá tó ti pé ọdún 65, tó ní ilé tirẹ̀, tún ní 60,000 sí i, owó ilé-ìwé tirẹ̀ kì í sì í ga mọ́, àfi bó bá kọ́ yàrá kún ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bèèrè ni wọ́n ń fún! Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà ní Dallas Central Appraisal District, April 30 ni wọ́n ń retí rẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá dé pé kẹ́ ẹ sanwó káwọn tó bá yín gbà á, ẹ jù ú nù.

Àwọn wo ló ń ṣòfin wọ̀nyí? Aṣojú 150 àti sẹ́nétọ̀ 31 ní Austin. Ìgbákejì gómìnà, tí wọ́n ń dìbò yàn lọ́tọ̀, ló ń darí àwọn sẹ́nétọ̀, agbára rẹ̀ ò sì kéré rárá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì ni wọ́n ń jókòó, láti January, fún ọjọ́ 140: 2025, 2027, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Owó oṣù wọn? Dọ́là 600 péré. Táwọn aṣòfin wa ní Àbújá bá gbọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di ọmọ onílùú, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán ṣáájú ìdìbò. Ní ti owó ilé, January 31 ni ọjọ́ ìkẹyìn láti san án. Tó bá ti di February 1, èlé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gorí rẹ̀ nìyẹn.