Bí Ọpọlọ Ọkọ̀ Bá Dàrú

Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná. Kábúrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ 504 ìgbà náà fi ń pín epo. Wọn kò ní kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń tún ṣe ní Tudun Wada lónìí ló ní in. "Brain box" ni àwọn rewáyà ń pè é.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Òun ló ń gba ìròyìn nípa ooru ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé àti eré tí ẹ́ńjìnnì ń sá. Òun náà ló ń pinnu iye epo tí yóò tú jáde àti ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná.

Bí ó bá bàjẹ́, ọkọ̀ lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́, tàbí kó kú lójú títì. Àmọ́ bátìrì tó ti rẹ̀, fíùsì tó jó, tàbí wáyà tó dípẹtà lè fa ohun kan náà. Ìwọ̀nyí ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí owó má baà ṣòfò.

Bí ó bá wá di dandan kí a pààrọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà ara tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu. Kí a tú wáyà orí bátìrì kí a tó yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù láti nǹkan bí 1998 sì ní ààbò olè: brain box wọn mọ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Bí a bá gbé òmíràn sí i tí a kò jẹ́ kí ó mọ kọ́kọ́rọ́ náà, ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn.

Àìsàn tí a kò wádìí, oògùn rẹ̀ kì í jẹ́. Ẹ ní kí rewáyà yín fi ohun tó bàjẹ́ hàn yín kí ẹ tó sanwó.