Ẹni Tí Ọtí Kì Í Pa

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fa àpótí yín súnmọ́ iná, kí ẹ gbọ́ ti eku tó ń mutí. Àlọ́ kọ́, kò sí ìjàpá níbẹ̀. Ní Helsinki, olú-ìlú Finland, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ta ọtí, Alko lorúkọ rẹ̀, ní ibi ìwádìí tirẹ̀ nígbà kan. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kalervo Eriksson ti ń sin eku. Ìgò méjì ló gbé síwájú eku kọ̀ọ̀kan: omi lásán nínú ọ̀kan, omi tí wọ́n lú mọ́ ọtí nínú èkejì. Kò fipá mú eku kankan. Èyí tó bá wu kálukú ni kó mu.

Àwọn kan forí lé ìgò ọtí. Àwọn mìíràn gbóòórùn rẹ̀, wọ́n pẹ̀yìn dà. Eriksson wá mú akọ tó fẹ́ràn ọtí, ó fi fún abo tó fẹ́ràn ọtí. Ó mú akọ tó kórìíra rẹ̀, ó fi fún abo tó kórìíra rẹ̀. Ó ṣe é dórí ọmọ, ó ṣe é dórí ọmọ-ọmọ. Nígbà tó fi máa kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1968, ìran eku méjì ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìran ọ̀mutí àti ìran tí kì í fẹ́ fẹnu kàn án. Ẹgbẹ́ burúkú wo ló kọ́ ọmọ eku? Ara ìyá àti bàbá ló ti gbé e wá.

Mo gbọ́ ẹni tó ń kùn pé eku kì í ṣe ènìyàn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Dẹ́ńmákì.

Àwọn ará ibẹ̀ kì í fi àkọsílẹ̀ ṣeré: ẹni tí wọ́n bí, ẹni tí wọ́n gbé fún alágbàtọ́, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Dókítà Donald Goodwin, ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ará Dẹ́ńmákì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tú ìwé wọ̀nyí. Wọ́n rí ọkùnrin 55 tí òbí tó bí wọn jẹ́ ọ̀mutí paraku, àmọ́ tí ẹlòmíràn ti gbà wọ́n tọ́ láti kékeré jòjòló. Wọ́n wá 78 mìíràn tí wọ́n gbà tọ́ bẹ́ẹ̀, tí òbí tiwọn kì í ṣe ọ̀mutí. Dókítà tó lọ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò kò mọ ọmọ ta ni èwo, kó má baà gbè sápá kan. Nínú àwọn 55, ọtí ti di bárakú fún 10. Nínú àwọn 78, ènìyàn 4 péré. Ọdún 1973 ni wọ́n gbé e jáde. Ọmọ tí kò mọ ojú bàbá rẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ ka àwọn 45 tó kù pẹ̀lú. Àwọn tó ń pariwo pé ọmọ ọ̀mutí ò lè ṣe kó má mutí kì í fẹ́ ka àwọn yẹn.

Kí wá ni ọmọ ń jogún? Ẹ ó ní òùngbẹ ọtí ni. Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Ní San Diego, ní California, Dókítà Marc Schuckit bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin, ọmọ ọ̀mutí àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ọ̀mutí, ní ìwọ̀n ọtí kan náà láti 1978, nígbà tí ọtí kò tíì di bárakú fún ìkankan nínú wọn. Ó bi wọ́n bó ṣe rí lára wọn, ó sì wo bí wọ́n ṣe ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí ìdúró. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ọ̀mutí ni ọtí náà kò ràn tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́wàá ó padà lọ wá wọn. Nínú àwọn ọmọ ọ̀mutí tí ọtí kò tètè ràn, ó ti di bárakú fún 56 nínú 100. Àwọn ọmọ ọ̀mutí tí ọtí tètè ń ràn ńkọ́? 14 nínú 100.

Bẹ́ẹ̀ níbi òde tiwa, ta là ń yìn? Ẹni tó gbẹ́mu kanlẹ̀ tó sì ń rìn ṣánṣán lọ sílé, òun là ń pè ní ọkùnrin mẹ́ta. Òun gan-an ló yẹ ká máa ṣọ́! Ara tó yẹ kó sọ fún un pé ó tó kò sọ̀rọ̀ títí ó fi kọjá ààlà.

Ní Jàpáànì, ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n rí. Ìdajì ife bíà, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ á pọ́n kuku, àyà á máa lù kìkì, èébì á máa gbé wọn. Inú ẹ̀dọ̀ ló ti wá. Ẹ̀dọ̀ á kọ́kọ́ sọ ọtí di májèlé kan tó ń jẹ́ acetaldehyde, ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní ALDH2 á sì pa oró rẹ̀. Lára àwọn wọ̀nyí, jíìnì ALDH2 yàtọ̀ ní lẹ́tà kan ṣoṣo, kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó wá dà bíi kí ẹnì kan máa rin ẹ̀gẹ́ lọ, kí ẹni tó yẹ kó fún omi rẹ̀ sùn fọnfọn. Ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ṣòroó rí láàrin ọ̀mutí.

Àwọn ará Dẹ́ńmákì méjì, Jens Hald àti Erik Jacobsen, ti ṣe irú nǹkan yìí sí ara wọn láìmọ̀. Wọ́n ń wá oògùn aràn, àwọn fúnra wọn gbé e mì, ìgbà tí wọ́n mutí lé e lórí, ojú wọn pọ́n, ara wọn ò lélẹ̀. Oògùn náà ti dá ALDH2 dúró. Láti 1948 ló ti di oògùn àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, Antabuse.

Ẹ̀jẹ̀ dáàbò bo àwọn ará Jàpáànì, àbí? Susumu Higuchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo 1,300 ọ̀mutí paraku. Ní 1979, àwọn tó gbé ẹyọ kan jíìnì apọ́njú yìí jẹ́ 2.5 nínú 100 wọn. Ní 1986 ó di 8. Ní 1992 ó di 13. Jíìnì ìlú kì í yí padà láàrin ọdún 13. Ọwọ́ tó ń bu ọtí ló yí padà. Ọ̀gá á bu fún ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ta ni yóò kọ̀?

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń fipá mu ún, pípọ́n ojú á máa dínkù, májèlé ò sì kúrò níbẹ̀. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun sábà máa ń mú wọn ju àwọn tó kù lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ibẹ̀ fi ń bi ọ̀mutí ní ìbéèrè méjì: ṣé ojú rẹ máa ń pọ́n tó o bá mu ife bíà kan báyìí? Ọdún kìíní sí ìkejì tó o bẹ̀rẹ̀ sí í mutí ńkọ́, ṣé ó pọ́n nígbà yẹn?