Ìpadàbọ̀ láti Ilé Ìwòsàn: Bí A Ṣe Ń Dènà Ìfàsẹ́yìn Lọ́wọ́ Ẹni tí Oògùn tàbí Ọtí Ti Di Bárakú Fún

Bárakú ni a ń pe ohun tí ènìyàn kò lè fi sílẹ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń ba ayé òun jẹ́. Ní ìlú Accra, akpeteshie, igbó, tramadol àti àwọn hóró oògùn tí wọ́n ń pè ní “Red” wà lára àwọn ohun tí ó ń di bárakú. A kọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé, àti fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tí ẹ ń bẹ̀ wọ́n wò ní àdúgbò. Ọ̀rọ̀ wa kò dá lórí bí a ṣe ń fi oògùn sílẹ̀, bí kò ṣe lórí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ó tẹ̀ lé e, nítorí pé ibẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù lọ.

Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tí ó wà ní Accra láti ọdún 1906, àti ti Pantang tí wọ́n ṣí ní 1975, máa ń gba irú àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà ilé ìwòsàn, kò sí ẹni tí ń ta oògùn, kò sí owó lọ́wọ́, kò sì sí ọ̀rẹ́ tí ń pe ni síta. Ẹni tí kò mu ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ kò tíì rí ìdánwò gidi. Ọjọ́ tí ó bá padà sí Nima, Mamobi tàbí Ashaiman, yóò bá ibùdókọ̀ trotro níbi tí ó fi í sí, ọpọlọ rẹ̀ yóò sì rántí gbogbo ohun tí ó so mọ́ ibẹ̀. Èyí kì í ṣe àìnítìjú. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ti lè tún gbéra lẹ́yìn ìtọ́jú ni àìsàn yìí náà ṣe lè tún gbéra.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, G. Alan Marlatt, pẹ̀lú Judith Gordon, tẹ ìwé kan jáde ní 1985 lórí dídènà ìfàsẹ́yìn. Wọ́n ṣàlàyé pé ìfàsẹ́yìn kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ènìyàn gbé ife sẹ́nu. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, nínú ìbànújẹ́ tàbí ìbínú, nínú aáwọ̀ ilé, tàbí nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ bá ń rọ ènìyàn. Nítorí náà, ẹ jókòó pẹ̀lú aláìsàn yín, kí ẹ sì bi í léèrè ibi tí ewu wà fún òun fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe bá a dáhùn. Àkọsílẹ̀ tí ó sọ pé “yẹra fún ẹgbẹ́ burúkú” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó wúlò ni èyí tí ó dárúkọ òpópónà, wákàtí àti ìdí: ọjọ́ tí wọ́n bá san owó, òkú ṣíṣe ní ọjọ́ Sátidé níbi tí akpeteshie ti ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́, aago mẹ́rin ìdájí tí ọmọ ọkọ̀ ń múra iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀yìn tí ń ro ó.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọmọ ọkọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lo tramadol kò bẹ̀rẹ̀ nítorí fàájì; wọ́n fẹ́ lè gbé ẹrù, kí wọ́n sì wa ọkọ̀ pẹ́. Bí a bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi oògùn sílẹ̀, tí a kò sì wá nǹkan ṣe sí ara ríro rẹ̀ àti wákàtí tí ó fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni a sọ. Ẹ mú un lọ rí dókítà nítorí ìrora náà. Ẹ bá ẹbí sọ̀rọ̀ bóyá ó lè ṣe iṣẹ́ tí kò le tó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ìyánhànhàn oògùn dà bí ìgbì òkun: ó ń dìde, ó ń ga, ó sì ń rọlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Ẹ kọ́ ọ kí ó máa wo aago, kí ó kúrò níbi tí ó wà, kí ó mu omi, kí ó sì pe ẹnì kan tí ẹ ti jọ yàn sílẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn tí yóò fi kọ ọtí kọ́ ọ, kí ó máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu ní èdè àdúgbò, ìbáà ṣe Gã, Twi, Hausa tàbí Yorùbá: “Dókítà ní kò gbọdọ̀ kan ẹnu mi.” Bí kò bá lè ṣàìlọ síbi òkú, kí ó tètè gba ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò sọ́wọ́, kí ẹnì kan sì bá a lọ, kí wọ́n jọ padà. Ní ti owó, kí ó fi ìfẹ́ ara rẹ̀ yan ẹni tí yóò máa bá a tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá fi ipá gbà á, ìjà ni yóò dá sílẹ̀, ìjà náà yóò sì lé e padà sídìí oògùn.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ìgbà yìí ni ìwà ará ilé ṣe pàtàkì jù. Marlatt ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó mu ife kan máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ náà, kí òun kúkú máa mu ún lọ. Bí ẹ bá lé e síta tàbí tí ẹ dójú tì í lójú àwọn aládùúgbò, ẹ ti bá a fi òǹtẹ̀ lu èrò náà. Ẹ bi í ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí tí ó ṣáájú, kí ẹ sì mú un padà lọ rí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Dídè é mọ́lẹ̀ ní àgọ́ àdúrà kì í ṣe ìtọ́jú.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹbí kò mọ̀, òun ni ó sì ń pa ènìyàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìlo tramadol tàbí “Red”, ara kò lè gba iye tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n àtijọ́ lè dá èémí dúró. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú hóró tí wọ́n ń tà nígboro: ìjọba Gánà fọwọ́ sí hóró tramadol 50 mg, síbẹ̀ èyí tí ó tó 225 mg wà lórí àtẹ. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, BBC fi hàn pé ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà ń po tapentadol mọ́ carisoprodol fún ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń fún èémí pa.

Bí ẹ bá bá a níbi tí ẹ ti jí i tí kò jí, tí èémí rẹ̀ falẹ̀ tàbí tí ó ń han-run lọ́nà àjèjì, tí ètè rẹ̀ sì ń dúdú, ẹ pe 112 tàbí 193 lójú ẹsẹ̀. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ má ṣe fi í sílẹ̀. Bí kò bá mí mọ́, ẹ fún un ní èémí láti ẹnu sí ẹnu. Ẹ má ṣe rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, nítorí pé ó lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ọwọ́ yíká rẹ̀ bá ń gbọ̀n lójijì, ẹ gbé ohun líle kúrò nítòsí, ẹ má sì dì í mú. Tramadol a máa fa gìrì. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, oògùn naloxone ni ó ń yí dídá tí irú oògùn yìí ń dá èémí dúró padà, kì í ṣe gìrì, àjọ WHO sì ti dámọ̀ràn láti 2014 pé kí ó wà lọ́wọ́ àwọn ará ilé pàápàá. Ṣùgbọ́n ipá rẹ̀ lórí tramadol kò pé, kò sì ran carisoprodol rárá, nítorí náà ẹ má ṣe dá aláìsàn padà sílé kìkì nítorí pé ó lajú.

Ti ọtí yàtọ̀. Ẹni tí ó ti padà mu akpeteshie fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ má ṣe tì í mọ́ yàrá kí ó lè dáwọ́ dúró lójijì. Bí ó bá ń gbọ̀n, tí ó ń làágùn, tàbí tí ó ń rí ohun tí kò sí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Kí aláìsàn tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ bèèrè ọjọ́ tí yóò padà wá, kí ó má sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ kọ ọjọ́ náà, nọ́ńbà nọ́ọ̀sì àti 112 sára ògiri níbi tí gbogbo ilé ti lè rí i.